Kí Àgbò Bàbá Tó Dé Ilé Adájọ́

Inísà,
Oṣù kẹsàn-án, 1958.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Titus,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín o. Mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ní Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá ti ń fúyẹ́. Láníkẹ́ ìyàwó mi náà ti bímọ, obìnrin ni.

Bọ̀dá, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ ọjà Òkukù, ọlọ́pàá bá èrò lórí ẹrù iṣu nínú lọ́rì mi, ohun tí òfin kọ̀, wọ́n sì pè mí lẹ́jọ́ sí kóòtù. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyí, wọ́n ní adájọ́ lè gba láísẹ́ǹsì mi. Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀ ju ọkọ̀ wíwà lọ?

Mo fẹ́ gba lọ́yà, Bàbá kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá gba lọ́yà ń bá ìjọba jà ni, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n ti ra àgbò. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn àti àwọn àgbà ilé fẹ́ fà á lọ sílé adájọ́ láti bẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń bẹ àna. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ìjọba ń pe irú ẹ̀bẹ̀ yẹn! Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má ti Bàbá mọ́lé nítorí tèmi. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní ọmọdé ò mọ ẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá, kí ẹ sì bá mi wá lọ́yà. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, Bàbá wà lẹ́yìn ilé. Wọ́n ń fi ọṣẹ wẹ àgbò náà, kó lè mọ́ lójú adájọ́.

Àbúrò yín,
Ọmọ́ṣẹ̀yìndé