Ṣúgà Ara Purotéènì àti Ẹ̀jẹ̀ Ọwọ́ Mi

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ oko kòkó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ìlú òyìnbó. Mo kí Ìyá mi tó ń ta dòdò lẹ́bàá títì Ìkirè, mo kí gbogbo ará Àpòmù.

Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí, nítorí Ẹ̀gbọ́n mi Sùlé kọ̀wé pé àwọn ará ilé ń sọ ọ́ kiri pé mo pa òyìnbó. N kò pa á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ẹ bi mí nígbà kan pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, purotéènì ni wọ́n ń pè é, tó máa ń di ọ̀rá mú, tó ń gbé e kiri ara. Ṣúgà wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe èyí tí à ń bù sí ẹ̀kọ mímu. Ọ̀gá mi, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní ṣúgà yẹn ló ń jẹ́ kí purotéènì náà ká jọ sí ìrísí tó yẹ. Tí a bá gé e kúrò, ìrísí rẹ̀ á yí, kò ní lè di ọ̀rá mú dáadáa mọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wà lẹ́nu à ń gé ṣúgà. Òtútù ibí burú, ọ̀sẹ̀ kan sì lè kọjá láìsí ẹni tó pè mí lórúkọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kó àwọn ìgò iṣẹ́ náà sínú àpótí irin, mo ń gbé e lọ sí ilé ìwádìí wa kejì. Géńdé òyìnbó mẹ́ta dí mi lọ́nà. Wọ́n ní kí ọ̀bọ padà sí igbó. Mo fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ọ̀kan gbá mi lẹ́nu, eyín mi méjì já sílẹ̀. Wọ́n tẹ ìhà mi mọ́lẹ̀ títí egungun fi dún. Wọ́n da àpótí náà nù, wọ́n ń fi bàtà fọ́ ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú mi ò rí nǹkan mọ́. Mo gbá àpótí náà mú, mo là á mọ́ orí ẹni tó sún mọ́ mi. Ó ṣubú. Àwọn yòókù fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo tún là á mọ́ ọn, mo tún là á, mo tún là á. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ yìnyín ilẹ̀ di pupa. Ọ̀gá mi ló sáré dé, tó fara dí mi, tó ń pariwo pé ó tó.

Ọkùnrin náà yè, àmọ́ ojú rẹ̀ kan fọ́. Adájọ́ ní ara mi ni mo gbà là, ó dá mi sílẹ̀.

Nígbà tí ìhà mi jiná, mo tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ lọ̀gá mi sọ: purotéènì tí a gé ṣúgà rẹ̀ tú, ọ̀rá tó dì mú ò tó nǹkan. Àwọn ará ibi iṣẹ́ bá mi yọ̀. Mo lọ ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Bàbá mi, adájọ́ ò bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lù ú lẹ́yìn tó ṣubú. Ẹ̀yin ni mo ń sọ fún: ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Kò lè mira mọ́ kí n tó lu èyí tó kẹ́yìn.

Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí Ó dá ẹ̀mí yín sí, kí oko so, kí ilé tòrò. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣíìdì