Ẹ̀rọ Omi Àlùwàlá Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi Luqman,

Mo kí yín ní Kánádà, tìyàwó tọmọ. Ara Màmá ti yá, wọ́n ti padà sọ́jà Bódìjà.

Àìsàn iṣan Bàbá ti dé ọwọ́ wọn. Èmi ni mo ń bá wọn ṣe àlùwàlá, ojú sì ń tì wọ́n. Lánàá, púlọ́ńbà gbé ẹ̀rọ omi sókè kó bá àga wọn dọ́gba, ó fi ọwọ́ gígùn sí i. Lónìí, ìgbọ̀nwọ́ ni Bàbá fi ṣí i fúnra wọn. Wọ́n ní, "Safiyyah, kí lò ń wò? Lọ wá iṣẹ́ ṣe." Inú mi dùn gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, yàrá yín ló sún mọ́ omi jù. Ẹ jẹ́ ká mú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ fún àga oníkẹ̀kẹ́. Bàbá ní ká má fọwọ́ kàn án títí ẹ óò fi dé. Tí Ọlọ́run bá mú yín dé láyọ̀, yàrá tèmi lẹ óò sùn.

Àbúrò yín,
Safiyyah