Wọ́n Sọ Ìrun Mi Di Oyún

Màámi,

Ọmọ yín ń jayé ìyàwó tuntun! Ọkọ mi ń gbé mi gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin. Ẹ má mikàn bí ẹ bá gbọ́ pé ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé mi níbi iṣẹ́. Ìrun ni mo ń kí lẹ́yìn páálí. Ọ̀gá pè mí, mo forí kanlẹ̀, n kò lè dáhùn, ló bá figbe ta: “Ó ti dákú!”

Mo ní, “Ọ̀gá, àdúrà ni.”

“Àdúrà wo lèèyàn ń dojú bolẹ̀ gbà? Ìyàwó ọ̀ṣìngín, oyún ni!”

Ẹ gbà mí o! Ṣé kò yẹ kí ọ̀gá mọ bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń sin Ọlọ́run ni? Ó pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ó tún ní n kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ mọ́ títí n ó fi bímọ. Oyún tí n kò ní!

Ilé ṣáà dùn. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa.