Èmi Ni Mo Kọlà Sójú Àwọn Ọmọ Òjé

Èmi ni mo kùn wọ́n. Kì í ṣe ìyàwó ọmọ mi. Mo fẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ délẹ̀ ná kí n tó máa rojọ́, torí àgbà ni mí, ọ̀rọ̀ mi a máa gùn, ẹlòmíràn nínú yín sì lè ti ṣí ìwé sójú ewé mìíràn kí n tó débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ìmọ̀ràn yín ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ kọ̀wé sí mi pé kí n dáwọ́ dúró o... n kò ní dáwọ́ dúró. Nǹkan mìíràn ni mo fẹ́ bi yín, ẹ máa bá mi bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ń gbé, lọ́dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ìwọ̀nba èyí tí mo fi ń ka Bíbélì àti ìwé ìròyìn, bí ẹ bá rí ibi tí ọwọ́ mi ti wọ́, ẹ forí jì mí. Ọmọ mi yìí, olùkọ́ ni ní yunifásítì. Nígbà tó ń ti ìlú òyìnbó bọ̀, àpótí bàtà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé, mo rò pé owó ni... àṣé àwọn ènìyàn òjé ló wà níbẹ̀! Wọn kò ga ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ọkùnrin tó gbé ọ̀kọ̀, obìnrin tó gbé àáké, arúgbó onírùngbọ̀n tó di ọ̀pá mú, àti òmìrán kan tí eyín rẹ̀ yọ síta bíi ti ìmàdò. Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ bíi tirẹ̀ á dé, wọ́n á kó àwo kúrò lórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n á fi ìwé àti òkúta ṣe òkè àti ilé sórí rẹ̀, wọ́n á to ogun apá ọ̀tún, wọ́n á to tòsì, wọ́n á máa fi rúlà wọn ibi tí ẹsẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé e dé, wọ́n á wá da dáìsì bí ẹní ta lúdò láti mọ ẹni tí idà bà. Bàbá onílé bàbá ọlọ́nà o, tí wọ́n wọ táì lọ síbi iṣẹ́ lánàá! Ẹ ó máa gbọ́ ariwo wọn títí dé ìta, “Ó ti kú, ó ti kú, gbé e dùbúlẹ̀, má rẹ́ mi jẹ!” Èmi á gbé ẹ̀pà síwájú wọn, n óò máa rẹ́rìn-ín sínú.

Ọmọ mi ra ọ̀dà inú agolo kéékèèké bọ̀ láti ọ̀hún pé òun á kun àwọn ọmọ òjé náà, kò ráyè. Lọ́jọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí n jáde, mo jókòó tì wọ́n, mo ń wò wọ́n. Gbogbo wọn rí bí eérú. Wọ́n lójú, ṣùgbọ́n ojú náà kò wo ibì kankan. Ó kàn ń ṣe mí bákan. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìẹ la fi ń fa ìlà sára aṣọ, ọwọ́ mi kò sì tíì máa gbọ̀n títí di òní. Mo bá wá ìyẹ́, mo ṣí agolo, mo mú obìnrin aláàáké yẹn, mo kun ìró rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi wọlé, mo rò pé yóò bínú. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì gbé gbogbo àpótí náà fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Mo ti mọ bí mo ṣe ń ṣe é báyìí. N óò fi karosíìnì nu òjé náà kí ọ̀rá ọwọ́ lè kúrò lára rẹ̀, n óò fi ọ̀dà dúdú tó ṣàn pa gbogbo ara rẹ̀ kó lè wọ inú kọ̀rọ̀, bó bá gbẹ tán n óò wá máa fi èyí tó mọ́lẹ̀ kan ibi tó yọ síta, ojúgun, èjìká, orí imú. Ìyẹ́ ẹtù ni mo ń lò, mo ń ṣà á lọ́dọ̀ àwọn aládìẹ ní Sábó, torí ó le ju ti adìẹ lọ. Bí ọ̀dà àwọ̀ aró bá tán, nígbà tí ohun gbogbo ti di ọ̀wọ́n yìí, kí ni mo fẹ́ ṣe? N óò po òmíràn ni. Lẹ́yìn náà ló kan abẹ́ ẹsẹ̀. Mo máa ń lu ìdérí ìgò mínírà pẹlẹbẹ, n óò fi gọ́ọ̀mù lẹ ọmọ òjé mọ́ ọn, n óò tún fi gọ́ọ̀mù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, n óò wá bu erùpẹ̀ wọ́n ọn kó lè dà bíi pé orí ilẹ̀ ló dúró sí. Erùpẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ó pupa, ó kúnná bí èlùbọ́, òkúta funfun wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Bí ìsìn bá parí, n óò bu díẹ̀ sínú ike ìpara, n óò fi sínú báàgì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé orin. Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé ilẹ̀ kọ́ ni?

Ó wá ku ojú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyí. Lójú tèmi, níbi tí wọ́n bí mi sí, ojú àgbà tí kò ní ilà dà bí aṣọ tí wọn kò tíì ṣẹ́ etí rẹ̀. Mo ní láti kọlà fún wọn. Ilà ta ni kí n kọ? Èyí tí mo mọ̀ náà ni! Èmi ni ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, iwájú ni mo ń jókòó, mo sì kọjú sí wọn. Bí ìwàásù bá gùn, ojú wọn ni mo ń wò. Mo mọ àbàjà Ìyá Àdúkẹ́ bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi, mo mọ pélé ẹni tó jókòó tì í, mo mọ gọ̀ǹbọ́ ìyá arúgbó tó máa ń sùn létí ògiri. Mo bá ń kọ wọ́n lọ... Ìyá Àdúkẹ́ di jagunjagun aláàáké, ó sì yẹ ẹ́!

N kò ní parọ́ fún yín o. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ n pe ìyàwó ọmọ mi ní Ràmọ́tù, orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́. Ọmọ Ìwó ni, inú ìmàle ni wọ́n bí i sí, òun àti ọmọ mi fẹ́ra, ó sì ń bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, Màmá Ṣẹ́gun, òun náà kì í ṣe orúkọ rẹ̀, dìde nínú mítìn, ó ní ẹni tí wọ́n fi kéwú wò dàgbà, ohùn rẹ̀ kò lè bá orin wa mu láéláé. Ràmọ́tù jókòó níbẹ̀, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ìyá ẹgbẹ́, mo ní kí a tẹ̀ síwájú. Mo délé, mo mú òmìrán eléyín ìmàdò, mo fa bààmú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú bíi ti Màmá Ṣẹ́gun gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó jọ ọ́! Nígbà tí mo fi han Ràmọ́tù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Inú mi dùn. Ṣé ẹ rí i pé mi ò bò ó fún yín?

Ní oṣù tó kọjá, ibà dá mi gúnlẹ̀, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ sì wá kí mi. Mo ti gbàgbé pé àwọn ọmọ òjé wà lórí àwo lójú fèrèsé, níbi tí mo ti ń sá wọn. Màmá Ṣẹ́gun ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó mú òmìrán, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó, ó wò ó títí... mo rí i tó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ imú ara rẹ̀. “Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ wá wo nǹkan! Èmi rèé!” Ni Ìyá Àdúkẹ́ náà bá mú tirẹ̀, “Yéè, àbàjà mi! Ta ló gbé àáké fún mi?” Ẹlòmíràn yí ọ̀kan dojú dé, ó fọwọ́ ra abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní erùpẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa rèé, wọ́n ti bu ojú ẹsẹ̀ wa! Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá mọ ère ènìyàn, tó tún bu erùpẹ̀ ibi tí onítọ̀hún ń tẹ̀ sí i lábẹ́ ẹsẹ̀, wọn kì í bi í léèrè pé ṣé eré lò ń ṣe. Èmi tí mo gbọ́n tó yìí, tí mo dàgbà tó yìí, kò wá sí mi lọ́kàn rí! Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni mo ń rò.

Mo ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ọlọ́run rí mi. Àfi bí Ràmọ́tù tó ń gbé omi bọ̀ fún wọn ṣe wo ojú mi, tó gbé omi sílẹ̀, tó kúnlẹ̀ gbùù, ó ní, “Èmi ni mo ṣe é, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ má bínú, eré lásán ni.” Màmá Ṣẹ́gun ní, “Eré? Ojú mi lo fi ń ṣeré, ìwọ ọmọ yìí? Mi ò wí fún yín?” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí Ọlọ́run gba ìyá ẹgbẹ́ wọn lọ́wọ́ ìyàwó búburú... èmi tí mo wà lórí ibùsùn, ẹnu mi ń ṣe àmín. Àmín kẹ̀! Lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi!

Nígbà tí wọ́n lọ, mo bi Ràmọ́tù pé kí ló dé. Ó ní Màmá, ẹ̀yin ni wọ́n ń kúnlẹ̀ kí, èmi tí wọn ò fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe fún mi? Mo ní n óò lọ sọ òtítọ́ lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀ mí, ó ní yóò rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Wọn kò jẹ oúnjẹ tó gbé lọ sí mítìn mọ́. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí Ràmọ́tù fẹ́ gbé e, mo rí i, ojú mi báyìí ló ṣe. Màmá Ṣẹ́gun ń sọ káàkiri pé láti ọjọ́ náà ni orúnkún ti ń dun òun, orúnkún tó ti ń dùn ún láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n! Ọmọ mi obìnrin wá láti ilé ọkọ rẹ̀ láti sọ fún mi pé kí n dá Ràmọ́tù padà sí Ìwó, mo ní kó jẹun kó máa lọ. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wá fi ẹnu kò báyìí pé ní Sọ́ńdè Ìkórè, kí Ràmọ́tù jáde síwájú gbogbo ìjọ, kó kúnlẹ̀, kó jẹ́wọ́ pé òun mọ ère àwọn ènìyàn, kí wọ́n sì sun àwọn ọmọ òjé náà níta. Ẹ rò ó wò. Bí obìnrin bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí, ṣé orúkọ àjẹ́ á kúrò lára rẹ̀ mọ́? Ọmọ tó bá bí ńkọ́? Ta ni yóò bá wa gbé e?

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Lákọ̀ọ́kọ́, òjé kì í jóná, yíyọ́ ló ń yọ́, èéfín rẹ̀ ló sì máa kó ikọ́ bá wọn. Èkejì, n kò ní kó wọn fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo jí? Ta ni mo bú? Mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ, mo ti sin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kò sí ìkankan tó dìde nínú wọn. Àwọn tèmi wọ̀nyí, bí wọ́n bá kú lórí tábìlì, wọ́n á gbé wọn dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀pà, n óò fi òwú wé wọn sínú àpótí, bó bá di Sátidé mìíràn wọ́n á tún dìde dúró, Ìyá Àdúkẹ́ á tún gbé àáké rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ìyẹn, kó wá fi ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà wà hàn mí. Mo wà nílé, mo ti jókòó.

Nítorí náà, mo ti pinnu. Bí wọ́n bá pe orúkọ Ràmọ́tù lọ́jọ́ náà, èmi ni n óò dìde. N kò ní kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò gbà á, ọkàn mi náà kò gbà á. N óò sọ pé ọwọ́ mi yìí ló kùn wọ́n, èmi ni mo bu erùpẹ̀, èmi ni mo kọlà. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ipò ìyá ẹgbẹ́ lọ́wọ́ mi, kí wọ́n gbà á. Mo ti ń kun ọ̀kan báyìí tí mo kọ pélé tèmi sí lójú, erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé wa ni mo bu sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, n óò mú un dání kí wọ́n lè rí i pé èmi náà wà láàrin wọn.

Ohun tí mo wá fẹ́ bi yín nìyí. Òmìrán yẹn ńkọ́? Bí mo bá ní tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi kọ ilà gbogbo wọn, òtítọ́ ni fún Ìyá Àdúkẹ́ àti àwọn tó kù, ṣùgbọ́n irọ́ ni fún Màmá Ṣẹ́gun, inú ilé Ọlọ́run ni n óò sì ti pa á. Bí mo bá sì sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í ṣe eléyín ìmàdò nítorí ohun tó sọ sí ìyàwó mi, ṣé kò ní fò dìde pé ẹ rí i, ẹ rí i, ìkà ni wọ́n fi ṣe é lóòótọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ náà kò ní padà sórí Ràmọ́tù tí mo fẹ́ gbà sílẹ̀? Àbí kí n kàn sọ fún un pé òmìrán yẹn ni kì í kú lórí tábìlì, pé òun ni gbogbo àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn ń jà dù? Òtítọ́ nìyẹn náà... Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé ọkọ, ẹ̀yin tí ẹ mọ ènìyàn, ṣé kí n sọ ọ́ tán ni, àbí kí n fi òmìrán sílẹ̀? Ẹ tètè kọ̀wé o, Ìkórè ti ń súnmọ́. Ọ̀dà ojú tèmi ń gbẹ lọ́wọ́ lójú fèrèsé.