Bátìrì Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Ìpájà

Bùrọ̀dá Adéolú,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Orúnkún Màmá ti ń sàn, wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìgándò.

Nígbà tí mo bẹ̀ yín ní bátìrì fún róbọ́ọ̀tì iléèwé wa, ẹ ní, "Rárá, ó máa ju iye tí òfin ìdíje ní kí ẹ ná." Mo gbà. A yọ bátìrì inú fáànù àlòkù, ó sì kú láàárín ìdíje. Iléèwé Ìpájà ló borí. Àbúrò ìyàwó yín tó wà lára wọn ń yọ̀, ó ní, "Bùrọ̀dá ẹ ló fi bátìrì wa ránṣẹ́. A ò kà á mọ́ ìnáwó."

Ẹ̀yin tí mo gbọ́kàn lé! Mo sunkún délé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún àwọn adájọ́. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín.

Èmi àbúrò yín,
Jésùtófúnmi