Adágún Orí Òkè

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ, ìyàwó wa àtàwọn ọmọ wà? Ikọ́ Màmá ti lọ. Wọ́n tún ti ń bá adìyẹ jà.

O rántí pé lẹ́yìn ikú Bàbá, Bàbá Kékeré dí ọ̀nà odò mọ́ àwọn màlúù wa, títí òùngbẹ fi pa mẹ́ta. Wọ́n ní, "Obìnrin kì í sin màlúù." Mo gbẹ́ adágún sórí òkè, a fi amọ̀ tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi òjò má baà jò lọ, a sì fi páìpù fà á wá síbi tí ẹran ti ń mumi. Kò sí ẹ́ńjìnnì. Omi ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yìí mú kí odò náà gbẹ. Ni Bàbá Kékeré bá dé: "Ọmọ mi, ṣàánú àwọn ẹran mi."

Mo kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Mo ní, "Màlúù yín ò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa dà wọ́n wá, kì í ṣe darandaran yín."

Láràárọ̀ ni wọ́n ń da ẹran kọjá níwájú àwọn tó bá wọn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń gbé àga síta wòran. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyí: wọ́n fẹ́ kí n fa páìpù dé ilé wọn, wọ́n á sì ní kí o bá wọn bẹ̀ mí. Jọ̀ọ́, má bẹ̀ mí o.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún. Kó fún Bàbá Kékeré náà ní ẹ̀mí gígùn àti ẹsẹ̀ líle, kí wọ́n lè rin ọ̀nà náà pẹ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin