Ìpara ara Màmá Afí

Ọjọ́bọ̀, Atakpamé

Lẹ́ẹ̀kejì! Èsì àyẹ̀wò awọ tí mo gé lára Màmá Afí ránṣẹ́ sí Lomé tún ti dé, ohun tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kíní náà ló wà níbẹ̀. Wọn ò lè sọ bóyá líńfómà ni, irú jẹjẹrẹ kan tó máa ń mú awọ, tàbí kì í ṣe òun. Kí n tún gé òmíràn wá. Ṣé aṣọ ni awọ ènìyàn, tí n ó fi máa gé e léraléra?

Inú bí mi, mo pe dókítà tó yẹ awọ náà wò ní Lomé. Ó ní, "Ṣé ìyá yìí kì í fi ìpara kọtisọ́ọ̀nù, èyí tó ń pa ara yíyún, para? Ó máa ń lé àwọn sẹ́ẹ̀lì àìsàn tí à ń wá nínú awọ lọ."

Màmá Afí wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ti gun alùpùpù láti Elavagnon. Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín.

"Mo fi para dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo máa ń fi para kí n tó wá. Ṣé irú ara játijàti yẹn ni n ó gbé wá síwájú yín, dókítà?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. À ń wá àìsàn, òun ń nù ún kúrò, bí ẹni gbálẹ̀ de àlejò!

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí."

Mo lọ fa fọ́ọ̀mù rẹ̀ yọ, kí n lè fi hàn án pé a bi í. Ìlà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́: oògùn tí aláìsàn ń lò. "Kò sí" ló wà níwájú rẹ̀, nígbà méjèèjì.

Ìkọ̀wé tèmi ni.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti ká apá ẹ̀wù sókè dè mí.